Ọmọ tó ń wo iṣẹ́ àgbà yà, ẹ má pè é lólè

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí olóòtú, kíkà ni tèmi, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá níbí, ṣùgbọ́n lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ tẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ẹni yẹn ní gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ń gbé àwòrán àtijọ́ síwájú tó ń wò ó yà, olè ni, ó ní ọpọlọ wọn ti kú, pé bí Ọlọ́run bá fún èèyàn lẹ́bùn, inú orí ara ẹ̀ ló yẹ kó ti máa yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Lẹ́yìn náà ni mo pa ìwé yẹn pọ̀ tí mo tì í sábẹ́ tábìlì kí ọmọ iṣẹ́ mi má baà rí i, torí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ sí i lójú ní gbangba lọ́dún tó kọjá.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ọmọbìnrin, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń kọ́ṣẹ́ àwòrán. Oṣù méjì gbáko ló fi ya orí ọkùnrin kan, ọ̀dà ọ́ìlì ló fi yà á, àwọ̀ kan ṣoṣo, kò sí pupa, kò sí búlúù, iṣẹ́ tí àgbà ayàwòrán kan ti yà láti nǹkan tó lé ní ọdún 370 sẹ́yìn ló ń wò. Nígbà tó parí ẹ̀ ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sẹ́yìn kánfáàsì pé àwòkọ ni, ó kọ orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ gangan, ó kọ ọdún, ó wá kọ orúkọ tiẹ̀ sísàlẹ̀ wínníwínní. A gbé e lọ síbi àfihàn kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò yí i padà, ó ka ẹ̀yìn ẹ̀, ló bá já a kúrò lára ògiri lójú ìyá ẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó ní àwọn ò gba olè láyè níbẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì bá a ṣe ń padà bọ̀, ó gbé kánfáàsì lé itan, ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé mo jalè ni?" Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo ń bá a fọ̀ wọ́n, tí mo ń tò wọ́n sínú agolo mílíìkì tó máa ń kó wọn sí, kí irun wọn má baà gan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó wà nínú àwòrán yẹn fún yín, torí ó dá mi lójú pé ẹni tó já a lulẹ̀ ò bèèrè. Juan de Pareja lorúkọ ẹ̀. Antequera ní gúúsù Sípéènì ni wọ́n bí i sí, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára ẹ̀, ẹrú sì ni nínú ilé Diego Velázquez, ayàwòrán ọba Philip kẹrin. Òun ló ń bá ọ̀gá ẹ̀ lọ ọ̀dà, tó ń bá a tọ́jú kánfáàsì. Lọ́dún 1649 Velázquez gbéra lọ sí Ítálì, ó mú un dání, wọ́n dé Róòmù, Póòpù Innocent kẹwàá ni Velázquez fẹ́ yà níbẹ̀, ó wá kọ́kọ́ fi orí Juan dán ọwọ́ wò. Ní March 19, 1650 wọ́n gbé àwòrán Juan kọ́ sí Pantheon, ilé ìsìn àtijọ́ kan ní Róòmù, níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó. Palomino tó kọ ìtàn ayé àwọn ayàwòrán Sípéènì jáde ní 1724 sọ pé àwọn ayàwòrán láti onírúurú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ gbà pé gbogbo èyí tó kù dàbí àwòrán, eléyìí nìkan ló dàbí òótọ́. Ní November 23 ọdún yẹn kan náà ni Velázquez fọwọ́ sí ìwé òmìnira ẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Juan á ṣì sìn ín fún ọdún mẹ́rin sí i kí òmìnira yẹn tó múlẹ̀. Mo máa ń ronú lórí ọdún mẹ́rin yẹn gan-an. Èèyàn ti wà lára ògiri Pantheon, wọ́n ti ní òun lòótọ́, síbẹ̀ ó padà sílé lọ máa lọ ọ̀dà.

Nígbà tó yá, òun náà di ayàwòrán. Èyí tó yà ní 1661 tó fi ṣe ìpè Mátíù Mímọ́ wà ní mùsíọ́ọ̀mù Prado ní Madrid títí dòní, ó ya ara ẹ̀ sí etí òsì pátápátá, ó dúró, ó mú bébà kan lọ́wọ́, orúkọ ẹ̀ ló wà lára bébà yẹn. Níbo ni ẹ rò pé ó ti kọ́ ọ? Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ẹ̀ náà ni, níbi tó ti ń wò. Arturo Schomburg, ọmọ Puerto Rico, èèyàn dúdú tó fi gbogbo ayé ẹ̀ kó ìwé nípa ìran wa jọ, tìtorí ọkùnrin yìí wà lára ohun tó gbé e lọ sí Sípéènì ní 1926, ó ń wá ipasẹ̀ ẹ̀ kiri. Ọmọ iṣẹ́ mi ò lówó ọkọ̀ òfuurufú, búrọ́ọ̀ṣì lòun fi wá a lọ.

Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ olè, ta gan-an ni ọmọ yẹn jí nǹkan ẹ̀? Velázquez ti kú láti 1660. Wọ́n ta àwòrán yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù ní November 1970, £2,310,000, kò tíì sí àwòrán tí wọ́n tà níbi gbàǹjo tó dé iye yẹn rí nígbà náà, Metropolitan Museum ní New York ló ni ín báyìí. Mùsíọ́ọ̀mù yìí kan náà ló kéde ní February 2017 pé fọ́tò àwọn iṣẹ́ àtijọ́ inú ilé wọn tí kò sí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀ mọ́, kí gbogbo ayé wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lò ó bó ṣe wù wọ́n. Ibẹ̀ la ti gbé e. Olóko ló ní ká wá já ẹ̀fọ́, ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì ló wá ń pariwo olè.

Ẹ jẹ́ ká wo Velázquez fúnra ẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 29, Rubens, ayàwòrán ilẹ̀ Flanders, dé sí Madrid, 1628 nìyẹn. Rubens ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ti lówó, ó ti lókìkí, àwọn ọba ń rán an níṣẹ́. Kí ló ń ṣe láàfin? Ó ń wo iṣẹ́ Titian kọ, Titian ayàwòrán Ítálì tó ti kú kí wọ́n tó bí òun, ó ń wò ó, ó ń yà á, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Velázquez wà nítòsí, àwọn méjèèjì jọ lọ wo àwòrán ní El Escorial, ààfin ọba nítòsí Madrid. Àgbà ń kọ́ lọ́wọ́ òkú, ọ̀dọ́ ń kọ́ lọ́wọ́ àgbà. Ní mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Párís, láti 1793 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn ayàwòrán wá gbé kánfáàsì kalẹ̀ síwájú iṣẹ́ àwọn àgbà, lára òfin wọn sì ni pé kí tìẹ má ṣe bá ti ọ̀gá dọ́gba ní títóbi, kó o má sì da sáìn ọ̀gá kọ.

Nílé ńkọ́? Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ẹni tí gbogbo àwa tó ń ya orí èèyàn lónìí ń jẹ lábẹ́ ẹ̀, láti kékeré ló ti ń wo àwòrán inú ìwé àti magasíìnì òyìnbó yà, kò sólùkọ́, kò sẹ́ni tó máa ki ọwọ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 1906 ó ya Ìyáàfin Spencer Savage l'Ékòó. Ọdún 1920 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé Lọ́ńdọ̀nù lọ kàwé nípa ẹ̀, nígbà tó padà dé ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn òyìnbó ń sọ nígbà yẹn pé ọmọ Áfíríkà ò lè ya èèyàn kó jọ èèyàn. Bí ẹnì kan bá ti já ìwé tó ń wò yà gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́mọdé, tó ní olè ni, ẹ bá mi ronú ibi tí à bá wà.

Ẹ tún wo àwọn agbẹ́gilére wa. Ọmọ iṣẹ́ wọn kì í jí lọ́jọ́ kìíní kó máa gbẹ́ ohun tó wù ú. Ọ̀gá á lẹ́ ọnà, ìyẹn ni pé á fi àáké gé igi dé ibi tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ ti yàtọ̀ síra, ọmọ á máa wò. Àlétúnlẹ́ ló kàn, níbi tí orí ti ń ní imú, tí àyà ti ń ní apá. Dídán tẹ̀ lé e, fínfín ló kẹ́yìn pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ fín irun, ilà ojú àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wa gan-an sọ ọ́, àwòkọ́ṣe: wò ó, kọ́ ọ, ṣe é. Èmi ò mọ ibi tí òǹkọ̀wé yín ti rí i pé wíwò dẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tó sì ká mi lára jù ni pé ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ bó ṣe rí.

Iṣẹ́ gangan ga ní sẹ̀ǹtímítà 81, ó fẹ̀ tó 70. A ò ní kánfáàsì tó tó bẹ́ẹ̀, káfíńtà kan bá wa kan férémù ínǹṣì 28 sí 24, torí òun ló sún mọ́ ìdọ́gba ìyẹn jù. A gbé fọ́tò wálẹ̀ sórí fóònù, a yọ àwọ̀ kúrò lára ẹ̀, wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní bíṣinẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ọmọ fi rúlà àti pẹ́ńsùlù fa ìlà sára bébà bí ìwé ìṣirò, àpótí méje lóròó, mẹ́fà níbùú, ó fa iye kan náà sára kánfáàsì, àpótí méjìlélógójì, ínǹṣì mẹ́rin mẹ́rin. Ohun tó bá wà nínú àpótí kan ló máa yà sínú àpótí kan. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé pé imú ni, kí wọ́n ya ibi tí dúdú ti pàdé funfun, torí pé bó o bá ti sọ pé imú ni, ọwọ́ ẹ á ya imú tó o ti mọ̀ láti kékeré, kò ní ya ti ẹni tó wà níwájú ẹ.

Ọ̀dà méjì péré la lò, raw umber àti titanium white. Umber yìí, ọ̀dà búráùn tó ṣókùnkùn, ilẹ̀ ni, ilẹ̀ gidi tí wọ́n ń wà, irin àti manganese ló wà nínú ẹ̀, manganese yẹn ló sì ń jẹ́ kó tètè gbẹ ju ọ̀pọ̀ ọ̀dà ọ́ìlì lọ. Ṣé ẹ rí i, ọ́ìlì kì í gbẹ bí aṣọ tá a sá sóòrùn tí omi ń fò kúrò lára ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú ọ́ìlì tó ń mú un le, ìdí nìyẹn tí kò fi gba ìkánjú. Tọ́pẹ́ńtáìnì lèèyàn fi ń là á nígbà àkọ́kọ́ kó fúyẹ́, ìpele tó bá wà lókè ló gbọ́dọ̀ ní ọ́ìlì jù, ẹni tó bá yí i padà, láìpẹ́ ara àwòrán ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

Ó fi umber tó ti là dáadáa pa gbogbo kánfáàsì, ó fi àkísà nù ún títí ó fi dà bí àwọ̀ tíì tí mílíìkì ò pọ̀ nínú ẹ̀. Kò kùn ún sójú funfun bọ́rọ́, torí lójú kánfáàsì funfun, gbogbo ọ̀dà tó o bá fi kàn án ló máa dà bí ẹni pé ó dúdú jù. Ó wá po òkìtì méje sórí pálẹ́ẹ̀tì, ìkíní funfun pátápátá, ìkeje umber tí kò ní funfun kankan nínú, àwọn tó kù wà láàárín bí àtẹ̀gùn. Òkìtì méje yìí ni gbogbo ayé tó ní. Inú wọn ni irun máa ti jáde, inú wọn ni aṣọ àti ògiri tó wà lẹ́yìn Juan máa ti jáde.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín tẹ́tí sí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ yìí mú òkìtì kẹfà àti ìkeje, ó fi kun gbogbo ojú Juan, ó ní torí èèyàn dúdú ni. Ojú yẹn kú. Ó rí pẹrẹsẹ bí ìdí ìkòkò. Ó tún wá fi funfun gidi kan ẹyinjú ẹ̀ méjèèjì, ni wọ́n bá ń tàn yọ bíi tọ́ọ̀ṣì. Mi ò bá a wí. Mo ní kó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó fún ojú ẹ̀ pọ̀ títí tí kò fi ní rí irun ìpéǹpéjú mọ́, kó sọ ibi tó funfun jù nínú fọ́tò fún mi. Ó ní kọ́là ni. Òótọ́ ni, kọ́là funfun tó gbòòrò bo èjìká yẹn, òun ló ni òkìtì kìíní. Mo ní kó fi ọ̀dà sórí ọ̀bẹ, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú orí Juan níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dán, kó wá èyí tó bá a mu. Òkìtì kẹta ni. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ẹyinjú tó ń sọ yẹn, kò gbà á gbọ́, ó tún un gbé, ìkẹrin ni! Funfun ojú èèyàn tó wà lábẹ́ òjìji ìpéǹpéjú ṣókùnkùn ju iwájú orí tó ń dán lọ. Òkìtì keje, irun àti abẹ́ aṣọ nìkan ló ni ín. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Àǹtí, a jẹ́ pé awọ dúdú ò dúdú."

Èèyàn lè ya àwọ̀ fún ogún ọdún kó má rí ìyẹn, torí àwọ̀ máa ń tan ojú jẹ. Bó o bá rí búráùn, ọwọ́ ẹ á lọ síbi búráùn, bó o bá rí òjìji, ọwọ́ ẹ á lọ síbi dúdú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pa ojú àwọn èèyàn wa nínú àwòrán kárí ìlú yìí, lára ògiri báńkẹ́ẹ̀tì họ́ọ̀lù àti lára pátákó ìsìnkú. Awọ wa ń dán. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀, ó sì ń dá a padà. Ìgbà tó o bá mú gbogbo àwọ̀ kúrò, tó ku ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan, ló tó hàn sí ẹ.

Kọ́là yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Léèsì ló wà létí ẹ̀. Ọmọ mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó fẹ́ ya gbogbo ihò léèsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà lórí ẹ̀, ó wá rí gbágígbágí bí aṣọ tí wọ́n sítáàṣì jù. Mo ní kó fẹ fọ́tò yẹn lórí fóònù kó wo bí Velázquez ṣe ṣe é. Bó o bá sún mọ́ ọn kò sí léèsì kankan níbẹ̀, ọ̀dà lásán ni, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó fà á sọ́hùn-ún, ó gbọ́wọ́ kúrò. Bó o bá sún sẹ́yìn díẹ̀, léèsì ni. Ó fi ọ̀bẹ ha gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án kúrò. Mo gbọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń ha kánfáàsì, mo sì mọ̀ pé ó ń sunkún ṣùgbọ́n mi ò wo ẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá, ó wò ó pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà méjìlá, ó dúró. Léèsì ti débẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òǹkọ̀wé yín ti rí òótọ́ díẹ̀, kó má dà bí ẹni pé mo kàn ń gbèjà ọmọ mi. Olè wà nínú iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá yọ fọ́tò tí fọtógíráfà ẹlòmíì yà lórí Instagram, tó yà á láìgbàṣẹ, tó sáìn ẹ̀, tó tà á ní owó gọbọi, ó ti jẹ gbèsè. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ àgbà yà tó wá kọ orúkọ àgbà sí i kí wọ́n lè rò pé òun gan-an ni, ayédèrú nìyẹn, kí wọ́n mú un. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tí ìjọba wa ṣe ní 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ ayàwòrán lórí iṣẹ́ ẹ̀ wà títí dìgbà tí ọdún tó kú sí bá parí tí àádọ́rin ọdún tún kọjá lórí ẹ̀. Nítorí náà Ọnàbólú tó kú ní 1963, iṣẹ́ ẹ̀ ṣì ní ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ẹ̀ títí di ìparí 2033, bí ọmọ iṣẹ́ bá tiẹ̀ fi kọ́ṣẹ́ nínú yàrá, kò gbọdọ̀ gbé e sọ́jà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní gbogbo èyí kí n tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kọ "àwòkọ" sẹ́yìn kánfáàsì ẹ̀, tí kò tà á, tó wo iṣẹ́ ẹni tó ti kú láti 1660, ẹni tó bá mú un pọ̀ mọ́ àwọn yẹn ṣìkà.

Ó ní inú orí ló yẹ kí ẹ̀bùn ti máa yọ. Kí ló máa yọ níbi tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan sí? Ní oṣù kejì ọdún yìí bàbá àgbàlagbà kan wọlé wá bá mi, wọ́n ń múra ìrántí ìyá wọn. Fọ́tò kan ṣoṣo tó kù ni wọ́n mú wá, dúdú-òun-funfun, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ikán ti jẹ etí ẹ̀ kan, omi ti pa ẹ̀gbẹ́ ojú òsì rẹ́. Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ayàwòrán méjì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn yẹn fi dúdú kun ojú màmá títí wọn ò fi mọ̀ ọ́n mọ́. Èmi ni mo fẹ́ ya á. Ọmọ yìí, tí kò tíì fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì látìgbà àfihàn yẹn, ó gba fọ́tò yẹn lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tó fún ojú ẹ̀ pọ̀. Ó ní, "Àǹtí, gèlè yìí nìkan ló ni òkìtì kìíní." Òun ló yà á. Ibi tí omi ti pa rẹ́, kò sí ohun tó ń wò níbẹ̀, inú orí ara ẹ̀ ló ti mú un jáde, ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn lójú èèyàn dúdú torí ó ti rìn ín lójú Juan. Nígbà tí bàbá yẹn wá gbé e, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àwòrán yẹn nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, àgbàlagbà tó lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, Màámi."

Ọ̀gá Olóòtú, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ojú ewé yín, íńkì dúdú náà lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá wa ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tẹ orí èèyàn kan ṣoṣo síbẹ̀, kó gba gbogbo ojú ewé, èyí tí kò sí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀ mọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni náà, orúkọ ẹni tó yà á bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àti ọdún sábẹ́ ẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá kọ àlàyé gígùn. Àwọn ọmọ wà ní Ìṣẹ́yìn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìkìrun, tí wọn ò ní dátà, tí wọn ò sì ní ọ̀gá, ṣùgbọ́n tí ìwé ìròyìn yín ń dé ọ̀dọ̀ wọn, kódà bó jẹ́ èyí tí wọ́n fi di àkàrà. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gé e, wọ́n á fi rúlà fa ìlà sí i.

Ẹ lè fi Juan de Pareja bẹ̀rẹ̀. Tó bá di oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ tẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, àwọn fọ́tò tí wọ́n ya wọ́n láyé ọjọ́un wà nílẹ̀ káàkiri, àwọn náà kúrò lóko ẹrú kí ọwọ́ wọn tó kan ìwé. Aṣọ Bíṣọ́ọ̀bù yẹn funfun, awọ wọn ń dán, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ òkìtì méje á rí gbogbo ẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, ó ṣì wà níbi ọnà lílẹ́, bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí ó ń fi àkísà nu umber kúrò níbi tí iwájú orí Bíṣọ́ọ̀bù máa wà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayàwòrán kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.